Gamification
Ọ̀rọ̀ yìí kò túmọ̀ sí títa ayò ní kíláàsì. Olùkọ́ tó bá fi ayò ọlọ́pọ́n kọ́ ọmọ ní ìṣirò, eré gan-an ló ń lò. Nínú gamification, ẹ̀kọ́ ṣì jẹ́ ẹ̀kọ́. A kàn yá àwọn nǹkan kan lò lára eré ni: máàkì, ipele, àmì ẹ̀yẹ, bí áàpù ìkọ́-èdè Duolingo ṣe ń ka iye ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ́ èdè láìfo ọjọ́ kan. Nick Pelling, ẹni tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní 2002. Ní 2012, Kevin Werbach ti Yunifásítì Pennsylvania fi í ṣe odidi ẹ̀kọ́ lórí Coursera, ojúlé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó yanjú ìbéèrè tó le ni kí ẹ fún ní àmì ẹ̀yẹ, kì í ṣe ẹni tó kàn wo fídíò tán.