Iná Mọ̀nàmọ́ná Nínú Ilé Àtijọ́

Ní ọdún 1896 ni iná mọ̀nàmọ́ná kọ́kọ́ tàn ní Èkó. Ṣáájú àkókò yìí ni àwọn Àgùdà ti kọ́ ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Pópó Àgùdà. Àtùpà elépo ni wọ́n ń tàn níbẹ̀. Ẹ̀yìn tí ilé ti parí ni wáyà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Nígbà tí ìjọba dá ECN sílẹ̀ ní 1950, tí NEPA sì gba ipò rẹ̀ ní 1972, iná túbọ̀ tàn ká.

Kí ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ń lo iná fún ní ìbẹ̀rẹ̀? Gílóòbù ni olórí rẹ̀, ìwọ̀nba wáyà tí ó tó o ni wọ́n sì fà. Lónìí, áyọ́ọ̀nù, fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù lè máa fa iná lára wáyà kan náà. Bí ẹrù bá ju agbára wáyà lọ, yóò gbóná. Rọ́bà tí wọ́n fi ń bo bàbà inú wáyà àtijọ́ a máa gbẹ, a sì máa sán. Ìhòòhò bàbà a wá di ewu.

Fíúsì ni olùṣọ́ ilé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti já kí wáyà tó jóná. Ẹni tí ó bá fi wáyà tí ó nípọn rọ́pò rẹ̀, kí iná má baà máa lọ, olùṣọ́ ni ó dè lọ́wọ́.

Ogún ni ilé baba ẹni, ṣùgbọ́n wáyà inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń jogún. Ó yẹ kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ iná yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì pààrọ̀ èyí tí ó ti gbó.