Páálí yá, ọkàn kò yá: ìtàn àyẹ̀wò troponin

Ẹni tí àyà ń dùn, tí wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà lóru, ìbéèrè kan ló wà nílẹ̀: ṣé iṣan ọkàn rẹ̀ ló ń kú ni, àbí oúnjẹ ni kò dà? ECG máa ń dáhùn nígbà mìíràn. Àmọ́ àwọn kan wà tí hátì atáàkì ń ṣe lóòótọ́, tí ECG wọn kò sì sọ nǹkan tó dájú. Bí a bá ní kí irú wọn máa lọ sílé, ikú lè bá wọn débẹ̀.

Lọ́dún 1954, LaDue, Wróblewski àti Karmen ní New York fi hàn pé bí iṣan ọkàn bá kú, enzyme kan máa ń jò láti inú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Ohun ńlá nìyẹn o. Ṣùgbọ́n enzyme ọ̀hún wà nínú ẹ̀dọ̀ náà, ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu sì lè dà bí ẹni tí ọkàn ń dà láàmú. CK-MB tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n òun náà kì í ṣe ti ọkàn nìkan.

Ibi tí ojútùú ti wá kò sún mọ́ ilé ìwòsàn rárá. Ní Japan, Ebashi àti Kodama ń wádìí bí iṣan ṣe ń sún kì, wọ́n sì ṣàpèjúwe troponin ní 1965. Nígbà tó yá ni a mọ̀ pé troponin ọkàn yàtọ̀ sí ti iṣan apá àti ẹsẹ̀. Katus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Heidelberg, ní Jámánì, gbé ọ̀nà wíwọn troponin T jáde ní 1989.

Lẹ́yìn náà ni páálí ẹ̀bá ibùsùn dé. Ṣé ẹ mọ èyí tí wọ́n fi ń yẹ oyún wò? Bákan náà ni: ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, kí a dúró, ìlà á yọ tàbí kó má yọ. Ní Hamburg, Hamm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára aláìsàn 773 tí ECG wọn kò gbé ìlà ST sókè. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1997. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, nínú àwọn tí ìlà troponin I wọn kò yọ, ìdá 0.3 péré nínú 100 ló kú tàbí ní hátì atáàkì. Ti troponin T jẹ́ 1.1. Ní tèmi o, "rárá" yìí níye lórí ju "bẹ́ẹ̀ ni" lọ, torí òun ló ń jẹ́ kí dókítà lè ní kí ènìyàn máa lọ sílé.

Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ìkejì ó kéré tán wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn àkọ́kọ́. Troponin kì í tètè jáde. Páálí yá, ọkàn kò yá. Ìyẹn ló jẹ́ kí láàbù padà gba ipò iwájú: ẹ̀rọ ibẹ̀ tó lè rí troponin tín-ín-rín ni ìlànà àwọn oníṣègùn ọkàn ní Yúróòpù ní 2015 gbé lé, tí wọ́n fi lè pinnu fún ọ̀pọ̀ aláìsàn láàárín wákàtí kan. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ẹ̀bá ibùsùn ṣì ń sá tẹ̀ lé wọn.