Ìpẹ̀yàrun: Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Náà, Orísun Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí a wo ìwà ọ̀daràn dáadáa kí a tó fún un ní orúkọ tí ó wúwo jù lọ. Ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó ń pè ní genocide ni a lè pè ní ìpẹ̀yàrun, èyí tí ó túmọ̀ sí pípa ẹ̀yà kan run.

Raphael Lemkin, agbẹjọ́rò ọmọ Júù láti ilẹ̀ Pólándì, ni ó dá ọ̀rọ̀ òyìnbó náà sílẹ̀ nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1944. Ó mú genos, tí í ṣe ẹ̀yà tàbí ìran, láti inú èdè Gíríìkì. Ó sì mú èyí tí ó túmọ̀ sí pípa láti inú èdè Látìn. Àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn Júù tí ìjọba Násì ilẹ̀ Jámánì pa.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1948, Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn tí ó sọ ìwà yìí di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin gbogbo ayé. Ìlànà náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1951. Nàìjíríà dara pọ̀ mọ́ ọn ní ọdún 2009.

Kókó àdéhùn náà ni ète: kí ènìyàn pinnu láti pa orílẹ̀-èdè, ẹ̀yà, ìran tàbí àwọn ẹlẹ́sìn kan run, yálà pátápátá tàbí lápá kan. Ọ̀nà márùn-ún ni òfin náà kà: pípa wọ́n, ṣíṣe wọ́n léṣe gidigidi ní ara tàbí ní ọkàn, fífi wọ́n sínú ìnira tí yóò run wọ́n, dídí wọn lọ́wọ́ láti bímọ, àti fífi agbára kó ọmọ wọn fún ẹ̀yà mìíràn.

Ibí yìí ni ìpẹ̀yàrun ti yàtọ̀ sí ìpakúpa. Bí ìjẹkújẹ àti ìsọkúsọ ṣe jẹ́ àṣejù, bẹ́ẹ̀ ni ìpakúpa jẹ́ pípa láìní òdiwọ̀n. Ó lè pa ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn, síbẹ̀ bí kò bá sí ète láti run ẹ̀yà kan, kì í ṣe ìpẹ̀yàrun. Ní Srebrenica, ní ilẹ̀ Bosnia, iye tí ó lé ní 8,000 ọkùnrin àti ọ̀dọ́mọkùnrin Mùsùlùmí ni wọ́n pa ní ọdún 1995, ilé ẹjọ́ àgbáyé sì pè é ní ìpẹ̀yàrun.

Orúkọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, nítorí pé àdéhùn náà pọn ọ́n ní dandan fún ìjọba tí ó fọwọ́ sí i láti dènà ìwà náà àti láti jẹ àwọn tí ó hù ú níyà. Ní ọdún 1994, nǹkan bí 800,000 ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ẹ̀yà Tutsi, ni wọ́n pa ní Rùwáńdà láàárín nǹkan bí 100 ọjọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn, àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ń yẹra fún orúkọ náà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998 ni ilé ẹjọ́ àgbáyé tí ó jókòó ní Arusha, ní Tánsáníà, dá Jean-Paul Akayesu, olórí ìlú Taba tẹ́lẹ̀, lẹ́bi. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ilé ẹjọ́ àgbáyé dá lẹ́bi ìpẹ̀yàrun.

Nítorí náà, kò yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí pe gbogbo ìjà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ṣàn, kí ó má baà di ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ṣùgbọ́n níbi tí ète àtirun ẹ̀yà bá ti hàn gbangba, ẹni tí ó bá fi orúkọ náà pa mọ́ ń fi ààbò du àwọn tí wọ́n ń pa.