Yíya Fọ́tò Labalábá àti Ẹ̀dá Inú Ìgbẹ́ ní Agbègbè Ọ̀jọ́

Yíya fọ́tò ẹ̀dá inú ìgbẹ́ ni iṣẹ́ yíya àwòrán labalábá, ẹyẹ àti ẹranko níbi tí wọ́n ń gbé gan-an, láì mú wọn. Ilé ti gba ọ̀pọ̀ igbó Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Síbẹ̀, ewéko ṣì wà létí ọ̀sà, nínú àbàtà àti nínú ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983.

Igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé ló yẹ kí ayàwòrán kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Orí ewé rẹ̀ ni labalábá Papilio demodocus ń yé sí. Ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa jọ ìgbẹ́ ẹyẹ. Tó bá dàgbà, á di àwọ̀ ewé. Bí a bá fọwọ́ kàn án, á yọ ìwo ẹlẹ́ka méjì tó ń rùn lẹ́yìn orí. Fóònù lásán tó láti ya ọmọ labalábá yìí, nítorí kì í sá.

Ewé bomubomu ni ọmọ labalábá Danaus chrysippus ń jẹ, ẹyẹ kì í sì í fẹ́ràn ìtọ́wò labalábá náà. Abo labalábá mìíràn, Hypolimnas misippus, tí kò korò rárá, gbé àwọ̀ kan náà wọ̀. Ó ń tan ayàwòrán jẹ bó ṣe ń tan ẹyẹ.

Àárọ̀ ló dára jù, nígbà tí labalábá ń na ìyẹ́ yá oòrùn. Òjìji ẹni kò gbọdọ̀ bọ́ lé e. Lékeléke àti ẹ̀gà ń fẹ́ lẹ́ńsì gígùn. Ẹni tó ń wá ọ̀bọ àti ọ̀nì, kó gba Lekki Conservation Centre lọ.