Ìbáṣepọ̀ Ayàwòrán àti Aṣètò Kọ̀ǹpútà: Àpẹẹrẹ Macintosh, 1983 sí 1984

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1983, ilé-iṣẹ́ Apple ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ń ṣe kọ̀ǹpútà Macintosh lọ́wọ́. Ojú kọ̀ǹpútà náà yóò kún fún àwòrán kéékèèké tí ènìyàn yóò máa tọ́ka sí, èyí kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí àwọn aṣètò, ìyẹn àwọn tí ń kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, lè dá ṣe. Ọ̀kan nínú wọn, Andy Hertzfeld, ké sí Susan Kare, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ girama. Kare ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì New York ní ọdún 1978. Ère ni ó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà náà. Kò ya àwòrán fún kọ̀ǹpútà rí.

Èdè tí àwọn méjèèjì yóò jọ gbọ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ìṣòro. Lójú ayàwòrán, ìlà àti ìrísí ni àwòrán. Lójú aṣètò, nọ́ḿbà ni. Hertzfeld kò fi àlàyé dá a lágara. Ó ní kí ó lọ ra ìwé gíráàfù, kí ó mú àpótí 32 níbùú àti 32 lóròó, kí ó sì kun èyí tí ó bá fẹ́ kí ó dúdú. Àpótí 1,024 ni gbogbo rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì di àmì kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà: dúdú tàbí funfun, kò sí àwọ̀ kẹta. Ohun tí ọwọ́ Kare bá kùn ni aṣètò lè kà bí nọ́ḿbà láìsí ògbufọ̀. (Kò jìnnà sí bí ahunṣọ ṣe ń ka òwú kí ọnà tó yọ lára aṣọ òfì.)

Lẹ́yìn náà ni Hertzfeld kọ ètò kan fún un, èyí tí ń fi àwòrán hàn ní títóbi àti ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó sì ń sọ ọ́ di nọ́ḿbà fúnra rẹ̀. Steve Jobs ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yìn fún ẹwà Macintosh, ìyìn náà sì tọ́ sí i dé ààyè kan. Ṣùgbọ́n ètò kékeré yìí ni ó tú ayàwòrán sílẹ̀. Kare kò tún ní láti dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó rí iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè pa á rẹ́, kí ó sì tún un yà lójú ẹsẹ̀. Báyìí ni ó ṣe ya ọ̀pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà Macintosh pẹ̀lú, ó kàn jẹ́ pé ẹ, ọ àti ṣ kò sí lára wọn.

Àríyànjiyàn kò ṣàìwáyé. Lọ́dún 1983 kan náà, Jobs rí i pé àmì èso ápù, tí í ṣe àmì ilé-iṣẹ́ náà, ti pọ̀ jù lójú kọ̀ǹpútà, nítorí òun ni wọ́n ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo àṣẹ tí a lè fi bọ́tìnì pa. Ó ní kí wọ́n yọ ọ́. Kare tú ìwé àkójọ àmì, ó sì rí onígun mẹ́rin kan tí igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ká kò, èyí tí wọ́n fi ń tọ́ka ibi tí ó yẹ kí àlejò bẹ̀ wò ní ilẹ̀ Swídìn. Macintosh jáde ní ọjọ́ 24, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1984, pẹ̀lú àmì náà lórí bọ́tìnì rẹ̀. Ó ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà Apple títí di òní.