Ta Ló Lé Ebola Lọ ní Èkó: Ìjọba ni Àbí Aládàáni?

"A kì í ṣiṣẹ́ ìjọba ká làágùn." Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ohun tí àwọn tó ń sọ ọ́ ní lọ́kàn ni pé ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kò sẹ́ni tí yóò fi gbogbo ara ṣe é. Àfi kí a gbé e fún aládàáni, ẹni tó mọ̀ pé bí ọjà òun kò bá tà, ebi ni yóò pa òun. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, mo sì gbà á gbọ́ títí mo fi ka ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2014.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó wà lẹ́nu àwọn tó ń gbè sẹ́yìn aládàáni. Kí ó tó di ọdún 2001, NITEL, ilé-iṣẹ́ ìjọba, ló mú iṣẹ́ tẹlifóònù dání ní Nàìjíríà. Ìlà tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí kò tó mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí Glo dé lọ́dún 2003, tó ń ka owó ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú kò lè máa gba owó odidi ìṣẹ́jú lọ títí mọ́. Lónìí, ìyá tó ń ta ata lọ́jà ní fóònù lọ́wọ́.

Iná mànàmáná wá ńkọ́? Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni ìjọba fa iṣẹ́ pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Ẹ bi àwọn òbí yín bóyá ariwo jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́ ládùúgbò láti ìgbà náà. Aládàáni ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tí ilé-iṣẹ́ fóònù kan bá bí nínú lè ra síìmù ti ẹlòmíràn. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń pín iná fún àdúgbò. Oníbàárà kò rí ibi sá lọ.

Ọ̀rọ̀ ìlera tún yàtọ̀ sí méjèèjì, nítorí pé àìsàn ẹnìkan lè di ti gbogbo ìlú.

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, Patrick Sawyer, tó ń bá ìjọba Làìbéríà ṣiṣẹ́, sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Calabar ló ń lọ fún ìpàdé, ṣùgbọ́n ó ti ń ṣàìsàn, ó sì ṣubú lulẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù náà ni àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba ti gùn lé ìyanṣẹ́lódì. Nítorí náà, ilé ìwòsàn aládàáni ni wọ́n gbé e lọ, First Consultant ní Ọbáléndé.

Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é. Ọkàn Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kò balẹ̀. Sawyer ní òun kò sún mọ́ ẹnikẹ́ni tó ní Ebola. Dókítà náà kò gbà, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àwọn aṣojú ìjọba Làìbéríà ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ. Ó kọ̀ jálẹ̀. (Ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Èkó, tó jẹ́ ti ìjọba, ni wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò.) Sawyer kú ní ọjọ́ 25 oṣù keje. Dókítà Adadevoh náà kó àrùn ọ̀hún, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ.

Bí ó bá jẹ́ pé èrè nìkan ni aládàáni ń wò, ohun tó rọrùn jù ni kí wọ́n sin aláìsàn yẹn dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n dá a dúró, ilé ìwòsàn náà sì ti ilẹ̀kùn kí wọ́n lè fọ kòkòrò àrùn kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé Ebola ni kò tíì lé e lọ. Ta ni yóò wá gbogbo ẹni tí àwọn aláìsàn ti fara kàn? Ta sì ni yóò san owó fún ẹni tó ń wá wọn? Kò sí oníbàárà kankan tí yóò sanwó kí wọ́n lè wá máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 21. Níbí ni ìjọba Èkó àti ti àpapọ̀ ti wọlé. Wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ń bá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà wá, àwọn tó ti mọ bí a ṣe ń rìn láti ojúlé dé ojúlé. Ènìyàn 894 ni wọ́n wá kàn. Ìgbà bíi 18,500 ni wọ́n yọjú sí wọn láti wò bóyá ara wọn gbóná. Gbogbo èyí ń lọ nígbà tí àhesọ gba ìlú pé omi iyọ̀ ni oògùn Ebola, tí àwọn ènìyàn ń mu ún, tí wọ́n sì ń fi wẹ̀!

N kò sọ pé ìjọba ti múra sílẹ̀ o. Lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ibùdó ìyàsọ́tọ̀ ní Yábàá, tí orí kó yọ, ròyìn pé ibẹ̀ kò bójú mu. Ẹnìkan nínú àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ sì sá lọ sí Port Harcourt, níbi tí dókítà kan ti tọ́jú rẹ̀ ní bòńkẹ́lẹ́ nínú òtẹ́ẹ̀lì. Aláìsàn náà yè, dókítà kú. Ara aládàáni náà ni dókítà yìí.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà. Ènìyàn 20 ló mú, 8 ló kú. Èrò tèmi ni pé ilé ìwòsàn Ọbáléndé nìkan kò lè lé e lọ, ìjọba nìkan kì bá sì ti mọ̀ lásìkò pé ó ti wọlé. Ní ti ìyanṣẹ́lódì àwọn dókítà ìjọba, ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ni wọ́n dá a dúró, ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ikú Dókítà Adadevoh.