Ẹ̀rí Láti Ẹnu Egungun

Nínú èdè wa, ohùn nìkan ni ó ya egungun inú ara sọ́tọ̀ kúrò lára egúngún tí í ṣe ará ọ̀run. N kò sọ pé ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ìjọra wọn bá ohun tí mo fẹ́ sọ mu. Ẹni tí ó bá rí egúngún gbà pé baba òun ni ó tọ̀run bọ̀ wá bá òun sọ̀rọ̀. Ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí tí àwọn onímọ̀ kan ti ń fi ọ̀rọ̀ wá egungun gidi lẹ́nu wò nípa àìsàn tí ó bá àwọn ará àtijọ́ fínra.

Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú iṣẹ́ yìí ni Marc Armand Ruffer, dókítà kan tí ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Íjíbítì. Ní ọdún 1910, ó kéde pé òun rí ẹyin kòkòrò àtọ̀sí ajá nínú kíndìnrín òkú méjì tí a ti fi oògùn tọ́jú láti nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Àìsàn tí ó ń mú kí àwọn ọmọ etí odò wa máa tọ ẹ̀jẹ̀ títí di òní ti wà láyé nígbà tí Fáráò ń jọba.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo àìsàn ni ó ń fi àpá sára egungun. Ibà tí ó bá pa ènìyàn láàárín ọjọ́ mẹ́ta kò ráyè fi àmì kankan sílẹ̀. Àwọn tí ó ń pẹ́ lára, bí ẹ̀tẹ̀ àti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tí a tún ń pè ní ikọ́ ife, ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ bá ti inú ẹ̀dọ̀fóró wọ ọ̀pá ẹ̀yìn, a máa jẹ iwájú àwọn egungun ibẹ̀ títí wọn yóò fi wó, ẹ̀yìn olúwarẹ̀ a sì tẹ̀. Bí àwọn baba wa bá rí abuké, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ ọwọ́ Ọbàtálá. Onímọ̀ egungun a bèèrè bóyá jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí òun náà rọra ṣe. Ẹni tí àìsàn fi àpá sí legungun ni ẹni tí kò tètè kú, tí ara rẹ̀ bá àìsàn náà wọ̀yá ìjà fún ìgbà pípẹ́. Egungun tí kò ní àbùkù lè jẹ́ ti ẹni tí àìsàn kan náà pa ní kíákíá. Egungun kì í purọ́. Ẹni tí ń túmọ̀ rẹ̀ ni ó lè ṣìnà.

Ẹjọ́ ńlá kan wà tí egungun dá sí. Lẹ́yìn tí Columbus dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1492, ìgbóná àti ìta tí àwọn òyìnbó kó wọ ibẹ̀ pa àwọn onílẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé inú ẹrù òyìnbó kan náà ni jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ti wá. Àmọ́ ní gúúsù Peru, ní aṣálẹ̀ etíkun níbi tí òkú ti máa ń gbẹ dípò kí ó jẹrà, a rí àwọn òkú tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ti wó, tí a sì ti sin kí a tó bí Columbus rárá. Àwọn alátakò ní àìsàn mìíràn náà lè ba ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí wà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 1994, nígbà tí àwọn olùwádìí rí DNA kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró obìnrin kan tí ó ti kú ní Peru láti nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn.

Bí kì í bá ṣe òyìnbó, ta ni ó gbé e dé ibẹ̀? Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ mìíràn ka DNA kòkòrò náà láti inú egungun ènìyàn mẹ́ta ní Peru, wọ́n sì fi wé ti òde òní, ti ènìyàn àti ti ẹranko. Èyí tí ó bá a tan jù lọ ni irú tí ó ń ṣe síìlì, ẹran òkun tí ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, tí ó sì máa ń gòkè wá sinmi lórí àpáta. Àwọn ará etíkun Peru a máa pa á jẹ. Ìgbàgbọ́ àwọn olùwádìí náà ni pé ilẹ̀ Áfíríkà ni jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ti ṣẹ̀, pé ó ṣeé ṣe kí síìlì ti kó o létíkun wa níhìn-ín, kí ó sì gbé e la òkun já. Ní ọdún 2022, a tún rí irú rẹ̀ lára egungun àwọn tí ó gbé ibi tí ó jìnnà sí òkun, ní Peru àti ní Colombia.

Ǹjẹ́ èyí wẹ òyìnbó mọ́? Rárá o. Irú jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà lónìí ni èyí tí ó ti Yúróòpù wá, tí ó sì borí ti àtijọ́. Àwọn àgbà ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Egungun kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni: ó dá apá kan ẹjọ́ náà láre, ó dá apá kejì lẹ́bi.

Ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Òjò àti ilẹ̀ igbó wa kì í jẹ́ kí egungun pẹ́. Èyí tí Thurstan Shaw àti àwọn ènìyàn rẹ̀ hú ní Ìwó Elérù, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ní ọdún 1965, tí ó ti lò ju 11,000 ọdún lọ, jẹ́ ẹyọ kan nínú ọ̀pọ̀ tí ó ti di erùpẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ iyì ìwọ̀nba tí ó kù. Inú ilé ni àwọn baba wa ń sin òkú wọn sí kí wọ́n má baà jìnnà sí wọn. Ẹni tí yóò bá hú òkú, kí ó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Ẹlẹ́rìí ni òkú, kì í ṣe ohun ìṣeré.

A kò mọ orúkọ obìnrin Peru yẹn. Ikọ́ tí ó wú u láyé ọjọ́un kò ju ìyà rẹ̀ lásán lọ lójú àwọn tí ó tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn 1,000 ọdún, ikọ́ náà ni ó já àwọn ọ̀mọ̀wé ní koro.